Ẹ Jẹ́ Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Máa Kọ̀wé Fún Ẹni Tó Fẹ́ Kà Á

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ka ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ: olùkọ́ tó mú bírò pupa dání. Á fàlà sábẹ́ àṣìṣe, á kọ máàkì sókè, ọ̀rọ̀ parí. Ọmọ náà sì mọ̀ pé olùkọ́ ti mọ ìdáhùn kí òun tó kọ ọ́ rárá. Kí ló wá kù tó máa mú un wá ọ̀rọ̀ tó ṣe rẹ́gí? Lójú tiwa, ó yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ tètè tún èyí ṣe, búlọ́ọ̀gù kíláàsì, ìyẹn ojú ìwé kíláàsì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sì ni ọ̀nà tó sún mọ́ wọn jù: kí àwọn ọmọ máa kọ nǹkan síbẹ̀, kí àwọn ẹlòmíì máa kà á, kí wọ́n sì máa fèsì.

Èrò yìí ti wà kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Ní 1924, Célestin Freinet, olùkọ́ ní abúlé Bar-sur-Loup nílẹ̀ Faransé, gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré wọ kíláàsì. Ọgbẹ́ ogun ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́, kò lè máa fi gbogbo ọjọ́ pariwo níwájú ọmọ. Àwọn ọmọ ló ń kọ ìtàn ara wọn, àwọn ló ń to lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan sórí ẹ̀rọ, wọ́n sì ń fi ohun tí wọ́n tẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Brittany, agbègbè mìíràn nílẹ̀ Faransé. Àwọn yẹn náà ń fi tiwọn ránṣẹ́ pa dà. Lónìí, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo nínú kíláàsì lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ẹ wo ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ọ́ pé, "A gbé omi iyọ̀ kaná, omi gbẹ, iyọ̀ kù." Olùkọ́ á fún un ní máàkì, torí òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ kíláàsì mìíràn tó fẹ́ dán an wò kà á, ó ní: "Báwo ni omi yín ṣe pọ̀ tó? Ìgbà wo lẹ pa iná? Tiwa ń ta sí wa lára." Ó di dandan kí ẹni tó kọ ọ́ pa dà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, kó rántí pé ṣe ni àwọn dín iná kù nígbà tí omi ku díẹ̀, kó sì fi kún un. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Ẹni tó nílò ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló bi í léèrè.

Ìbẹ̀rù àwọn òbí kì í ṣe asán. Orúkọ ìdílé ọmọ àti fọ́tò rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀. Olùkọ́ ni kó kọ́kọ́ ka gbogbo èsì kó tó jáde. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà nílé, inú kíláàsì ni kó ti kọ tirẹ̀.

Kí àgbà kàn fòfin dè é ni a ò fara mọ́. Ní 2012, Martha Payne, ọmọ ọdún 9 ní Scotland, ń fi fọ́tò oúnjẹ ọ̀sán ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sórí búlọ́ọ̀gù, ó sì ń fún un ní máàkì. Nígbà tí àwọn oníròyìn gbé e, ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Argyll and Bute ní kò gbọ́dọ̀ ya fọ́tò mọ́, pé ẹ̀rù ń ba àwọn tó ń dáná nípa iṣẹ́ wọn. Ariwo ta, wọ́n sì tètè yí ìpinnu náà pa dà. A ò fojú kéré ẹ̀rù àwọn tó ń dáná. Ohun tó yẹ ni kí ẹnì kan jókòó ti ọmọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n jọ sọ bí èèyàn ṣe ń kọ̀wé nípa iṣẹ́ ẹlòmíì. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyẹn, òfin ò sì lè kọ́ni.

Inú kíláàsì gan-an ni ohun tó ń bà wá lẹ́rù jù wà. Tí olùkọ́ bá ní, "Kí gbogbo yín kọ igba ọ̀rọ̀ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ sì fèsì sí èèyàn méjì," ohun tó máa rí ni "Ó dára gan-an, mo gbádùn rẹ̀" ní ogójì ìgbà. Iṣẹ́ àṣetiléwá ti pa dà dé nìyẹn, ó kàn pààrọ̀ aṣọ ni. Kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ máa kọ̀wé síbẹ̀, kí àwọn ọmọ sì rí i tó ń tún tirẹ̀ kọ.

Àwọn olùkọ́ á ní àkókò dà, wọ́n sì jàre. Nítorí náà, a ń pe àwọn olùdarí ilé ẹ̀kọ́: ẹ mú kíláàsì kan fún sáà kan, ẹ wá kíláàsì kejì ní ilé ẹ̀kọ́ mìíràn tí wọ́n á jọ máa ka ara wọn, kí ẹ sì yọ píríọ́dù kan lọ́sẹ̀ fún un nínú èyí tí àwọn ọmọ fi ń da nóòtì kọ láti ara pátákó.