Wáàtì Tó Pọ̀ Kọ́ Ló Ń Mú Ọ̀rọ̀ Já Geere

"Kí ló wí?" Gbogbo ìgbà tí a bá jọ ń wo fíìmù ni màmá mi máa ń bi mí. Àwọn èèyàn ní kí n ra sípíkà tí wáàtì rẹ̀ pọ̀. Mo rà á. Fèrèsé ń gbọ̀n rìrì, màmá ò sì yéé béèrè.

Àwọn tó gbà mí nímọ̀ràn kò fẹ́ ibi fún mi, ohun tí gbogbo ayé gbà gbọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Agbára iná ni wáàtì ń wọ̀n, kì í ṣe ohùn. Bí ẹ bá sọ wáàtì 50 di 100, dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì (ìwọ̀n bí ohùn ṣe ròkè tó) 3 péré ló lé sí i, agbára káká ni etí á fi mọ̀ ọ́n. Kí etí tó gbà pé ohùn ti di ìlọ́po méjì, wáàtì ní láti di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá! Sípíkà tí wáàtì kan mú dé dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 91 létí ẹni tó jìnnà sí i ní mítà kan, ìdajì iná tí èyí tó jẹ́ 88 ń jẹ ló máa fi dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀. Nọ́ńbà dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì yẹn ló yẹ ká máa béèrè.

Ẹ na ọwọ́ sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n yín nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀. Ẹ ó bá àwọn ihò wínníwínní níbẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n òde òní ti fẹ́lẹ́ jù, sípíkà kò ráàyè kọjú sí wa mọ́, ilẹ̀ àti ògiri ló ń bá sọ̀rọ̀. Kí ohùn tó ta padà dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn kọ́ńsónáǹtì tí kò lágbára, bíi s àti f, ti sọnù: "sá" ti fẹ́ jọ "fá". Bí ẹ bá wá yí i sókè, báàsì (ohùn ìsàlẹ̀ tó ń dún kìjikìji) àti orin á jọ ròkè, ọ̀rọ̀ á tún rì sínú wọn.

Sípíkà kéékèèké méjì, tí kò ju wáàtì 20 lọ, ni mo padà gbé sí ọ̀tún àti òsì, ní ọ̀gbọọgba etí ẹni tó jókòó, mo yí ojú wọn sí àga màmá. Wọn ò bi mí mọ́. Bó bá jẹ́ soundbar, sípíkà gbọọrọ tí wọ́n ń gbé síwájú tẹlifíṣọ̀n, lẹ fẹ́, ẹ wá èyí tó ní sípíkà àárín, torí ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kó ọ̀rọ̀ ẹnu sí nínú fíìmù. Ẹ má sì ti sípíkà mọ́ igun yàrá: báàsì á wú níbẹ̀, á sì bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.