Ẹni tí ẹnu rẹ̀ já gaara, iwájú ọpọlọ rẹ̀ lè ti bàjẹ́

“Ó mọ orúkọ gbogbo wa, ó mọ owó kà, kì í ṣìnà. Kò sí nǹkan tó ṣe ọpọlọ rẹ̀, ìwà ló ń hù.” Àwọn àgbà ẹbí wa tún sọ ọ́ nípa àbúrò mi kan níbi ìpàdé láìpẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi. Irọ́ ni, ó sì ń tú ilé ká.

Ìrántí orúkọ àti ọ̀nà ilé, ibòmíràn nínú ọpọlọ ló gbé e dání jù. Apá tó wà lẹ́yìn egungun iwájú orí, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí á lè to nǹkan tẹ̀léra, kí á lè kó ara wa níjàánu, kí á ronú ohun tí ti òní máa bí lọ́la, kí á sì lè dìde bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó lè bàjẹ́ kí ẹni náà má sì kólòlò rárá.

Ẹ gbọ́ ti ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tí àwọn oníṣègùn ń pè ní EVR. Akáǹtáǹtì ni, ó ní ìyàwó àti ọmọ. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 35, wọ́n yọ kókó kan tó ń tẹ iwájú ọpọlọ rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí. Wọ́n dán òye rẹ̀ wò, ó ga ju ti ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Síbẹ̀ ó kó owó rẹ̀ sínú òwò pẹ̀lú ẹni tí wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé kó má bá ṣe, owó náà run. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìyàwó lọ, ó fẹ́ òmíràn, ìyẹn náà túká. Bí ó bá fẹ́ jẹun níta, ọ̀pọ̀ wákàtí ni yóò fi máa ro ilé oúnjẹ tí yóò lọ. Eslinger àti Damasio kọ ìtàn rẹ̀ jáde ní 1985. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé bí wọ́n bá bi í léèrè ohun tó tọ́ kí ènìyàn ṣe, ó ń dáhùn dáadáa. Ó mọ̀ ọ́n sọ, kò lè fi ṣe ìwà.

Penfield, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Montreal, yọ kókó níwájú ọpọlọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní 1928. Lẹ́yìn ọdún kan ó lé, obìnrin náà fẹ́ se oúnjẹ alẹ́ fún àlejò kan àti ará ilé mẹ́rin. Nígbà tí àsìkò tó, gbogbo èlò wà nílẹ̀, ohun kan tàbí méjì wà lórí iná, kò tíì fọwọ́ kan ẹran, òun náà sì ti dàrú. Ṣé ọ̀lẹ nìyẹn?

Èmi fojú ara mi rí i. Àbúrò mi yìí ṣubú lórí ọ̀kadà láìdé àṣíborí. Egungun tí iwájú ọpọlọ jókòó lé rí ṣágiṣàgi, bí orí bá gbá nǹkan gidigidi, ọpọlọ a máa ha mọ́ ọn. Egbò jinná. Ọmọ tí kì í gbóhùn sókè bẹ̀rẹ̀ sí í bú ìyá rẹ̀ lójú ọjà, ó ń ná owó ilé-ìwé ọmọ. Bí a bá bá a wí, yóò gbà tomijé-tomijé, ilẹ̀ kò ní ṣú kó tó tún un ṣe. Wọ́n gbé e kiri ilé àdúrà. Nígbà tí ìyẹn kò gbà, wọ́n ní ìkà ni.

Mo gbà pé kì í ṣe gbogbo oníwàkuwà ni ọpọlọ rẹ̀ bàjẹ́, àwọn mìíràn sì ń sàn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìwà rẹ̀ yí lẹ́yìn ìjàǹbá kò yẹ kó máa jẹ́jọ́ ìkà. Kò tilẹ̀ dìgbà ìjàǹbá: àrùn kan wà tó ń jẹ iwájú ọpọlọ díẹ̀díẹ̀, ó sábà ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọmọ ọdún 45 sí 65, ìrántí sì lè pé níbẹ̀rẹ̀.

Wọ́n á ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń fara balẹ̀ lọ́dọ̀ àlejò, pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Níbi tí ẹlòmíràn bá ti ń to ọ̀rọ̀ fún un, ó rọrùn fún un láti fara balẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ bá a dé ọ̀dọ̀ dókítà, kí ẹ ròyìn ohun tó ń ṣe nílé, torí gbogbo ìbéèrè tí wọ́n bá bi í ní yàrá dókítà ló lè dáhùn. Owó ilé, ẹ fi sọ́wọ́ ẹlòmíràn.