Fífa omi jáde kò wo kókó ọrùn ọmọ sàn

Ẹnìkan tún ti sọ ọ́ létí mi lọ́sẹ̀ yìí: “Omi lásán ló wà nínú kókó yẹn, kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fà á, ó parí.” Kò parí o! Omi kọ́ ni àìsàn náà, àpò tó ń sun omi ọ̀hún ni. Bíi kànga tí wọ́n fà gbẹ láàárọ̀ ni: kí ilẹ̀ tó ṣú, omi ti tún sun sí i.

Ẹ wo èyí tó ń yọ láàárín ọrùn, tó ń gòkè bí ọmọ bá gbé itọ́ mì tàbí tó yọ ahọ́n síta. Nínú oyún, ìdí ahọ́n ni thyroid, ẹ̀yà ara inú ọrùn tó ń ṣe hormone tí ara nílò, ti bẹ̀rẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ọrùn. Bí ọ̀nà tó gbà kọjá kò bá dí tán, àpò omi á yọ níbẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ á sì gba ara hyoid, egungun kékeré tó wà lókè ọrùn, lọ sí ìdí ahọ́n. Abẹ́rẹ́ wo ló máa dé ibẹ̀? Kódà, bí wọ́n bá fi iṣẹ́ abẹ yọ àpò náà nìkan, nǹkan bí ìdajì ló ń padà wá. Ní 1920, Walter Sistrunk, oníṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọ̀nà tirẹ̀: àpò, àárín egungun hyoid àti gbòǹgbò náà, gbogbo rẹ̀ ni kí wọ́n yọ pọ̀. Èyí tó ń padà báyìí kò tó 10 nínú 100. Ọmọ á sì máa jẹun, á máa sọ̀rọ̀. Ẹ yé pariwo pé wọ́n fẹ́ gé eegun ọmọ.

“Ṣùgbọ́n ó lọlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an.” Mo gbọ́. Ẹ padà wá sọ fún mi lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ tí wọ́n ti gún lọ́rùn káàkiri ló ń fún oníṣẹ́ abẹ ní wàhálà jù: ọyún ti wọ ibẹ̀, àpá ti gan mọ́ ẹran.

Wọn kì í tiẹ̀ ṣe ultrasound, àyẹ̀wò tó ń fi ìró ya àwòrán inú ara, kí wọ́n tó gún un! Nígbà mìíràn, kókó yẹn gan-an ni gbogbo thyroid tí ọmọ ní. Bí wọ́n bá yọ ọ́ dànù, oògùn ni ọmọ á máa lò títí ayé.

Tẹ̀gbẹ́ ọrùn ńkọ́, àpò omi tí wọ́n ń pè ní branchial cyst? Yíyọ náà ni.

Ó dáa, mo gbà pé abẹ́rẹ́ wúlò fún cystic hygroma, àwọn àpò omi tó ń ti ara ọ̀nà omi ara (lymph) yọ, pàápàá bí àpò rẹ̀ bá tóbi. Síbẹ̀, oògùn bíi bleomycin tàbí doxycycline tí wọ́n fi rọ́pò omi náà ló ń mú inú àpò lẹ̀ mọ́ra, kì í ṣe fífà. Èyí tí kò bá sì jẹ́ kí ọmọ mí dáadáa, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni.