Bàbá ò ní gun rollercoaster, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni ewu wà

Bí ìdílé bá ń múra àtilọ sí Disney World ní Orlando lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọkàn bàbá tàbí ìyá, gbólóhùn kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu èèyàn: "Bí wọn ò bá ṣáà ti gun àwọn nǹkan tó ń sáré yẹn, kò séwu." Ó jọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n, torí ìkìlọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà Space Mountain, Big Thunder Mountain àti Expedition Everest pé kí ẹni tó ní àìsàn ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru má wọ̀ ọ́. Ẹ tẹ̀lé ìkìlọ̀ náà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ ìkìlọ̀ sára oòrùn, sára iyọ̀, tàbí sára ọ̀nà jíjìn tó wà láàárín ibi ìgbọ́kọ̀sí àti géètì, àwọn wọ̀nyí ló sì sábà máa ń dá aláìsàn dúbúlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá lo odindi ọjọ́ kan níbẹ̀ lè rin kìlómítà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìfura. Ní EPCOT, ọ̀kan lára àwọn ọgbà tó wà nínú Disney World, yíyí adágún tí ilé àwọn orílẹ̀-èdè wà létí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 2. Ti Magic Kingdom, ọgbà mìíràn níbẹ̀, tún le jù: ẹni tó bá wa mọ́tò ara rẹ̀ lọ kò lè wà á dé ẹnu géètì. Yóò gbé e kalẹ̀ níbi tó jìn, yóò rìn, yóò wá wọ ọkọ̀ ojú omi tàbí monorail, ọkọ̀ ojú irin tó ń gba òkè. Bọ́ọ̀sì òtẹ́ẹ̀lì Disney ní tirẹ̀ máa ń já èrò sílẹ̀ nítòsí géètì gan-an. Bí ẹ bá fẹ́ dín owó kù, ẹ má fi òtẹ́ẹ̀lì Disney dín in.

Bí wọ́n bá la àyà, egungun àyà máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 kó tó so pọ̀ dáadáa. Láàárín àkókò yẹn, ọ̀pọ̀ dókítà kì í gbà kí èèyàn gbé ohun tó wúwo ju kìlógíráàmù 4 lọ. Ọmọ ọdún 3 sì máa ń ju 12 lọ. Ibi tó ti ń bàjẹ́ nìyí: ó rẹ ọmọ, ó ń sunkún, ó nawọ́ sí ìyá àgbà, ìyá àgbà ò lè wò ó níran, wọ́n bẹ̀rẹ̀ gbé e. Kí ọmọ dúró títí wọ́n á fi jókòó, kí ẹlòmíràn wá gbé e lé wọn lẹ́sẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ọmọ tí wọ́n ti di ẹrù kún, wọn ò gbọdọ̀ tì í pẹ̀lú.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí ẹ má fi ọjọ́ tí dókítà ní wọ́n lè wọ bàálù ṣe ọjọ́ ìrìn-àjò yìí. Ẹni tó lè jókòó nínú bàálù kò tíì fi dandan lè rìn nínú oòrùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ parí cardiac rehab, ìyẹn eré ìdárayá tí àwọn oníṣègùn ń bójú tó lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọkàn. Medicare, ètò ìlera ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn àgbà, ń sanwó ìgbà 36, ìgbà 3 lọ́sẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń lọ, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 12. Tí ẹ bá wá fi ìrìn-àjò sí oṣù karùn-ún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ ti mọ agbára wọn. Bí wọ́n bá ti Lọ́ndọ̀n tàbí Èkó wá, kí wọ́n máa dìde rìn nínú bàálù ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, pàápàá bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n ti yọ iṣan ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ṣe àtúnṣe ọkàn, torí ẹsẹ̀ yẹn tètè máa ń wú.

Oòrùn ló burú jù. Ní oṣù keje àti ìkẹjọ, ooru Orlando máa ń tó 33°C lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì kún fún ọ̀rinrin débi pé òógùn kì í gbẹ lára. Ẹ wá fi oògùn kún un. Furosemide ti ń lé omi jáde lára tẹ́lẹ̀. Lisinopril ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, nítorí náà bí omi ara bá dín kù, òòyì á kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dìde. Metoprolol kì í jẹ́ kí ọkàn sáré, èyí ló fi jẹ́ pé aago ọwọ́ lè máa fi 80 hàn nígbà tí agbára ti tán pátápátá. Ẹ fi aago yẹn sílẹ̀, ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀. Bí wọn ò bá lè parí gbólóhùn kan láì mí hẹlẹ, ó ti tó jókòó. Ìmọ̀ràn "ẹ máa mu omi dáadáa" náà ò bá gbogbo èèyàn mu: ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára lè ní òdiwọ̀n omi. Ẹ béèrè iye lítà lọ́wọ́ dókítà kí ẹ tó kúrò nílé.

Ẹ wọlé bí wọ́n ṣe ń ṣí géètì, ẹ jáde ní aago 11:30, ẹ padà ní aago 5 ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá lè lọ ní oṣù kìíní, ó sàn jù, bíi 22°C ni ọ̀sán ìgbà yẹn. Bí ooru bá ká yín mọ́ inú ọgbà, ẹ wá ibi ìjókòó tó tutù: Carousel of Progress gba bí ìṣẹ́jú 20, The American Adventure fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30. Living with the Land ni àwa fẹ́ràn jù fún àgbà, ọkọ̀ ojú omi jẹ́jẹ́ tó ń gba àárín oko kọjá, wọ́n á sì rí nǹkan bá ọmọ-ọmọ sọ.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kò ṣeé fojú di. American Heart Association ní kí sodium má ju mìlígíráàmù 2,300 lọ lóòjọ́, èyí tó wà nínú ṣíbí tíì iyọ̀ kan. Itan tòlótòló ńlá tí gbogbo èèyàn ń gbé ya fọ́tò, iyọ̀ ni wọ́n fi rẹ ẹ́. Disney gbà kí ẹ gbé oúnjẹ wọlé bí kò bá ti sí nínú ìgò, nítorí náà ẹ di ìrẹsì àti ọbẹ̀ tí ẹ fúnra yín sè. Kí wọ́n gun òṣùwọ̀n láràárọ̀. Bí ìwọ̀n wọn bá fi kìlógíráàmù 1 lé láàárín ọjọ́ kan, tàbí 2 láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ pe dókítà. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tún ní tirẹ̀: bí ó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jẹ ẹ̀fọ́ nílé, tí wọ́n wá lo ọ̀sẹ̀ kan láìfẹnu kàn án, oògùn náà á lágbára sí i, ẹ̀jẹ̀ lè máa ya níbi tí kò yẹ. Ẹ wá ẹ̀fọ́ fún wọn, kó má pọ̀ ju ti ilé, kó má sì dín.

Àwọn kan gbà pé ìwé iṣẹ́ abẹ á jẹ́ kí ìdílé fo ìlà. Rárá. Láti ọdún 2024, ẹni tó ní autism tàbí irú ìpèníjà bẹ́ẹ̀ ni Disney ṣe ètò DAS fún, ètò tí kì í jẹ́ kí èèyàn dúró lórí ìlà. Kẹ̀kẹ́ ló máa gbà yín, ẹ sì tètè háyà rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé e wá sí òtẹ́ẹ̀lì, torí ti inú ọgbà máa ń tán. Àwọn àgbà wa kì í fẹ́ gbọ́ "kẹ̀kẹ́ arọ" sétí. Ẹ má pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ ní ohun tí a ó máa kó ẹrù sí ni, tí ó bá di aago 10, àwọn fúnra wọn á jókòó sí i.

Ibi ìtọ́jú pàjáwìrì wà nínú ọgbà kọ̀ọ̀kan, nọ́ọ̀sì sì wà níbẹ̀. Ẹ kọ orúkọ àti ìwọ̀n gbogbo oògùn sórí ìwé kan, ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, fóònù dókítà, kó wà lápò wọn, kì í ṣe lápò yín. Bí wọ́n bá ní nitroglycerin, oògùn àyà dídùn, inú ìgò rẹ̀ gan-an ni kó wà, kì í ṣe inú mọ́tò tó ń gbóná. Bí àyà bá ń dùn wọ́n, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n fi ẹyọ kan sábẹ́ ahọ́n. Bí kò bá rọlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 5, ẹ pe 911. Ẹni tí kò ní oògùn náà kò ní ìṣẹ́jú 5 tó ń dúró dè, kí ẹ pè lójú ẹsẹ̀.