Kí Sípíkà Dúró Lẹ́nu Ọ̀nà Olúmirin

Ẹni tó bá gba ojú ọ̀nà Àkúrẹ́ láti Iléṣà, tó wá yà sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ omi Olúmirin ló sábà máa ń lọ wò. Ìpele méje ni omi náà fi ń já bọ́ láti orí òkè, igbó sì yí i ká. Ọ̀pọ̀ àlejò kì í kọjá ìpele kìíní. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wẹ̀, tí wọ́n ti ń ya fọ́tò, ibẹ̀ náà sì ni sípíkà ti ń han gooro.

Ohun tí a fẹ́ kò lọ́jú pọ̀: kí sípíkà má kọjá ibi tí wọ́n ti ń gba owó ìwọlé. Kí wọ́n gbà á, kí wọ́n fún ẹni tó ni ín ní nọ́ńbà, kó wá gbà á bó bá ń lọ sílé. Àwọn kan á ní fàájì ni àwọn wá ṣe. Ẹni tó fẹ́ ariwo, Iléṣà kò ṣàìní in.

Létí omi, etí ló ń ṣọ́ni. Láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, òjò lè máa rọ̀ lókè kí oòrùn ṣì máa ràn nísàlẹ̀. Kí àgbàrá tó dé, ìró omi á kọ́kọ́ nípọn sí i, omi tó mọ́ gaara á pọ́n, ewé àti igi wẹ́wẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó wá. Ìró yẹn ló sábà máa ń ṣáájú, òun gan-an sì ni orin ń bò mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá rí ọ̀kan nínú àmì wọ̀nyí, kó jáde kíá, kó gun ẹ̀gbẹ́ òkè. Kó má bá ipa odò sá lọ sísàlẹ̀, kó má sì sọdá padà nítorí bàtà tàbí fóònù: omi orúnkún tó ń yára lè gbé àgbàlagbà ṣubú.

Lókè ìpele kìíní, ọ̀nà ga, àpáta tí omi ń ta sí sì máa ń yọ̀ bí ilá. Sílípáàsì kò dára níbẹ̀ rárá. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín ni kí ẹ wọ̀. Bí ẹnìkan bá ṣubú, ohùn ni wọn yóò fi wá a, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé láàárín òkè. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú fèrè dání, irú ti rẹfirí: ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra, kí wọ́n sinmi díẹ̀, kí wọ́n tún fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kò gba àlàyé: iye tí wọ́n bá gbé wọlé ni kí wọ́n gbé jáde.

Kí àwọn tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà kọ iye èèyàn tó gòkè sílẹ̀, kí wọ́n sì kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn aago mẹ́ta ọ̀sán, kí ẹnikẹ́ni má gòkè mọ́, torí ilẹ̀ máa ń tètè ṣú lábẹ́ igi. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti àwọn àgbà Ẹ̀rìn lè tẹ gbogbo èyí sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì kí ọdún Àjíǹde tó dé, nítorí ìgbà tí èrò bá ń wọ́ lọ síbẹ̀ yẹn gan-an ni òjò náà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.