Pé agbo gálásì kan ń tàn yòò kò sọ pé òun ló wúwo jù

Bí àwòrán X-ray agbo gálásì (ọ̀pọ̀ gálásì, ìyẹn àkójọ ìràwọ̀ rẹpẹtẹ, tó wà pọ̀ lójú kan) bá ti jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, ọ̀rọ̀ kan náà làwọn èèyàn máa ń sọ sí i: ibi tó ń tàn jù yẹn nìwúwo rẹ̀ wà, èyí tó bá sì tàn ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ló tóbi jù. Àwọn tó fẹ́ràn ìmọ̀ ojú ọ̀run gan-an ń sọ ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ o.

Gáàsì tó kún àárín àwọn gálásì náà ló ń tan X-ray ọ̀hún, ó sì gbóná dé mílíọ̀nù 10 sí mílíọ̀nù 100 ìwọ̀n Sẹ́lṣíọ̀sì. Síbẹ̀, kò ju nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 ìwúwo agbo náà lọ. Ti ìràwọ̀ kéré síyẹn gan-an. Èyí tó pọ̀ jù lọ, ó lé ní ìdá 80, kì í tan ìmọ́lẹ̀ kankan. Òòfà rẹ̀ (gravity, agbára tí ìwúwo fi ń fa nǹkan mọ́ra) nìkan la fi mọ̀ ọ́n. Láti 1933 ni onímọ̀ ojú ọ̀run Fritz Zwicky ti rí i pé àwọn gálásì inú agbo Coma ń sáré ju ohun tí ìwúwo ìràwọ̀ wọn lè dá dúró.

Ìgbà tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù bá sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ prótọ́ọ̀nù (àwọn méjèèjì jẹ́ ègé kéékèèké inú gáàsì náà) ni X-ray yìí ń jáde. Kó èrò pápá ìṣeré sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, wọn ò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n wọ́n á máa fara gbún ara wọn ṣáá. Bí gáàsì bá fún pọ̀ ní ìlọ́po 2, ìmọ́lẹ̀ ojú ibẹ̀ á di ìlọ́po 4. Ìdí nìyẹn tí àárín agbo Perseus fi ń tàn tó bẹ́ẹ̀: gáàsì ibẹ̀ ti tutù díẹ̀, ó sì ti kóra jọ.

Ẹ̀rí tó tẹ́ mi lọ́rùn jù ni ti Bullet Cluster. Agbo 2 ló ya lu ara wọn. Gáàsì wọn kọlu ara wọn, ó sì fà sẹ́yìn, àmọ́ àwọn gálásì kọjá lọ ní tiwọn. Lọ́dún 2006, àwọn onímọ̀ wo bí òòfà rẹ̀ ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀ àwọn gálásì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì fi í wé àwòrán X-ray tí sátẹ́láìtì Chandra yà. Ọ̀dọ̀ àwọn gálásì nìwúwo náà wà. Gáàsì tó ń tan X-ray ti ṣẹ́ kù sáàárín.

Ṣé kí á wá pa X-ray tì? Rárá. Ìṣirò tó rọrùn ní kí agbo tó wúwo ju òmíràn lọ ní ìlọ́po 8 tàn jù ú lọ ní ìlọ́po 16. Èyí tí wọ́n ń rí lójú ọ̀run tún ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé nínú àwọn agbo kéékèèké, ooru láti ẹ̀bá àwọn ihò dúdú (black hole) ti lé gáàsì púpọ̀ jìnnà sí àárín. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń yọ ìmọ́lẹ̀ àárín gbùngbùn kúrò, kí wọ́n tó sọ ìwúwo gáàsì di púpọ̀ pẹ̀lú ìgbóná rẹ̀ láti fi díwọ̀n ìwúwo gbogbo agbo náà, kí wọ́n sì fi òòfà tó ń tẹ ìmọ́lẹ̀ yẹ èsì rẹ̀ wò.