Ta ló sọ fún yín pé ìlú tó lajú kì í fẹsẹ̀ rìn?

Ọ̀kun o, gbogbo ilé.

Wọ́n tún ti sọ ọ́ o. Ìpàdé àwa tá a ra ilẹ̀ sí layout tuntun lẹ́yìn ìlú Kàbà ni, lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Ẹ̀gbọ́n kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba l'Ábújà dìde, wọ́n ká apá agbádá sókè, wọ́n ní, "Kò sẹ́ni tó máa ta iyọ̀ tàbí tó máa din àkàrà nínú ẹ́sítéètì tiwa. Ibi tó lajú, mọ́tò ni wọ́n fi ń jáde. Ta lẹ rí tó ń fẹsẹ̀ rìn l'Amẹ́ríkà?" Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Mo nawọ́ sókè títí apá fi ń ro mí, alága ní ilẹ̀ ti ṣú. Ó dáa. Kò sí alága níbí.

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Mo ti gbọ́ ọ l'Ẹ́gbẹ̀, mo ti gbọ́ ọ n'Ísánlú, mo gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀ tó gbé mi lọ Lọ́kọ́ja: ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ rìn, owó ni ò ní, ibi tí ìsọ̀ bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ará oko ló ń gbé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ń pa wá lẹ́nu mọ́ yẹn ná.

Lọ́dún 1929, nígbà tí mọ́tò ti pọ̀ lọ́hùn-ún bí eéṣú, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Clarence Perry kọ bó ṣe yẹ kí wọ́n máa to àdúgbò tuntun sínú ìwé ètò agbègbè New York. Ó ní kí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà láàárín, kí ìsọ̀ wà létí àdúgbò níbi tí ọ̀nà ti pàdé, kí ilé kankan má sì jìnnà sí iléèwé náà ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin máìlì lọ. Nǹkan bí 400 mítà nìyẹn, ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún fún ẹni tí kò kánjú. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọ Radburn ní New Jersey, tí Clarence Stein àti Henry Wright ya àwòrán rẹ̀. "Ìlú ìgbà mọ́tò" ni wọ́n ń pè é. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa. Síbẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rò. Mọ́tò ń gba ẹ̀yìn ilé wọlé; iwájú ilé kọjú sí pápá àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ ọ̀nà gba abẹ́ títì kọjá kí ọmọdé lè rìn lọ síléèwé láìsọdá ọ̀nà mọ́tò.

Nígbà tó di 1981, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Robert Davis fẹ́ kọ́ ìlú sórí ilẹ̀ ogún rẹ̀, ọgọ́rin éékà tí bàbá àgbà rẹ̀ fi sílẹ̀ létí òkun ní Florida. Ọmọ tiwa ni ì bá ti gé e ní pùlọ́ọ̀tì 100 lọ́nà 50 ẹsẹ̀ bàtà, kó ta á tán láàárín oṣù mẹ́ta. Òun àti ìyàwó rẹ̀ gbé mọ́tò, wọ́n ń yí ká àwọn ìlú kéékèèké àtijọ́ ní gúúsù Amẹ́ríkà, wọ́n ń wo bí àwọn àgbà ṣe kọ́ ilé, bí fàráńdà ṣe súnmọ́ ọ̀nà tó. Andrés Duany àti Elizabeth Plater-Zyberk ló bá a ya àwòrán rẹ̀. Wọ́n pè é ní Seaside: ọ̀nà tóóró, ìsọ̀ àti ilé ìfìwéránṣẹ́ láàárín, òkun níwájú, ẹsẹ̀ la fi ń dé gbogbo rẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí ló tún ya Kentlands lẹ́yìn ìlú Washington lọ́dún 1988. Àwọn tó ṣèwádìí iye ilé níbẹ̀ rí i pé àwọn èèyàn ń san ju ohun tí wọ́n ń san lọ ní ẹ́sítéètì mọ́tò tó wà nítòsí. Wọ́n ń fi owó kún owó kí wọ́n lè rí ibi fẹsẹ̀ rìn! Ẹ má tíì jẹ́ kí n dé Vauban ní Freiburg, ní Jámánì, níbi tí ọ̀pọ̀ onílé ń gbé mọ́tò sí gáréèjì létí àdúgbò, tí àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì.

Níbo wá la ti kọ́ tiwa? Kò jìnnà. Lugard, ẹni tó fa àsíá òyìnbó sókè ní Lọ́kọ́ja níbí lọ́jọ́ kìíní ọdún 1900, òun náà ló ṣe òfin ìlú lọ́dún 1917. Ìlànà rẹ̀ ni pé kí ilẹ̀ òfìfo tó fẹ̀ tó 440 yáàdì wà láàárín ibi tí òyìnbó ń gbé àti ibi tí àwa ń gbé: kí ẹ̀fọn tó bá jẹ ọmọ dúdú má baà fò dé ọ̀dọ̀ wọn, kí iná tó bá jó ilé koríko má baà ràn débẹ̀, kí ìlù wa má sì dí wọn lójú oorun. Ibẹ̀ ni GRA, àdúgbò tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọ̀gá, ti wá. Nígbà tí òyìnbó lọ, àwọn ọ̀gá tiwa kó wọbẹ̀, jíjìnnà sí ọjà wá dọlá.

Ẹ wá ṣírò o. 440 yáàdì, ìdá kan nínú mẹ́rin máìlì gẹ́lẹ́ ni. Ohun tí Perry wọ̀n kí ọmọ lè fẹsẹ̀ débẹ̀ ni Lugard wọ̀n kí a má baà débẹ̀. Òfin Lugard ni ẹ̀gbọ́n wa gbé agbádá wọ̀ fún lọ́jọ́ Sátidé, tí a ń pàtẹ́wọ́ fún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Apá kìíní layout yẹn ni mo kọ́lé sí, mo sì mú Màmá kúrò ní àgbàlá wa láàárín ìlú kí wọ́n wá sinmi. Mo ti ka ẹsẹ̀ mi ní àgbàlá yẹn rí: méjìdínlógójì láti ẹnu ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́kọ, nǹkan bí ọgọ́fà dé ibi tí wọ́n ti ń lọ ata, ṣọ́ọ̀ṣì kò tó ọ̀ọ́dúnrún. Ní layout, títì fẹ̀, ó tọ́ bí ọfà, ṣùgbọ́n n ò mọ ibi tí mo fẹ́ kà á dé. Ẹni tó kọ́lé sẹ́yìn mi, ògiri kan ló là wá láàárín, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gún iyán. Kí n tó dé ẹnu géètì wọn, mo gbọ́dọ̀ yí odindi ìlà ilé po, nítorí kò sẹ́ni tó fi àlàfo ẹsẹ̀ mẹ́fà péré sílẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, iyán ti wà nínú odó, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ti ń hó, iyọ̀ tán. Mo pe ọlọ́kadà. 400 náírà lọ, 400 náírà bọ̀, iyọ̀ 150. Nígbà tí mo fi dé, iyán ti le, Màmá ti fi gaàrí panu, wọ́n sì ń wò mí bíi pé èmi ni mo jẹ iyọ̀ náà tán.

Ohun tó dùn mí jù ni àga. Ní ìrọ̀lẹ́, Màmá á gbé àga kékeré jáde sẹ́nu géètì, wọ́n á kọjú sí ògiri ẹni ọ̀kánkán. Mọ́tò á kọjá, gíláàsì dúdú, eruku. Obìnrin tó máa ń gba ìkíni bí ogún kí wọ́n tó fọnu láàárọ̀, kò gbọ́ "Ọ̀kun o" kan ṣoṣo láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Lóṣù keje wọ́n di ẹrù wọn. "Ọmọ mi, mú mi padà sílé kí ẹnu mi tó di." Ní báyìí wọ́n ti padà sí àgbàlá, wọ́n ń fi ọ̀pá rìn lọ ra ẹ̀kọ. Orúnkún ṣì ń dùn wọ́n, n ò ní í parọ́.

Wọ́n á ní oòrùn mú. Gbin dóńgóyárò! Wọ́n á ní ìsọ̀ ń kó olè wá. Àwọn tí olè jà lólè ní layout wa, ṣé ìyá aláta ló mú wọn wá ni? Títì tí kò sẹ́ni lójú rẹ̀ lolè fẹ́ràn. Àríyànjiyàn yìí kò yẹ kó gba ju èyí lọ.

Ó dáa, mo gbà pé owó ilé Seaside ti kọjá agbára akọ̀wé, àwọn ará Kentlands náà sì ṣì ń wa mọ́tò lọ síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń wa mọ́tò lọ ra iyọ̀ níbẹ̀ bí kò bá wù ú.

Sọ̀fíyọ̀ ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ láti wá ri òkúta ààlà apá kejì. Mo ti bá a sọ̀rọ̀. Ó ní bí ẹgbẹ́ bá buwọ́ lù ú, kò gba òun ju ọ̀sán kan lọ láti ya pùlọ́ọ̀tì igun mẹ́rin sọ́tọ̀ fún ìsọ̀, kí òun fi ọ̀kan sílẹ̀ láàárín fún iléèwé, kí òun sì la ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ láàárín ìlà ilé sí ìlà ilé. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ níbẹ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni ìpàdé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dé, kí alága tó tún ní ilẹ̀ ti ṣú.